Nítorí Ikú Tí Wọ́n Ní Kí O Kú Lórí Ìtàgé

Ìjan-Èkìtì,
Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Bùnmi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Gbogbo wa wà níbí bí o ṣe fi wá sílẹ̀, àfi èmi tí n kò rí oorun gidi sùn láti ọjọ́ Sátidé tí o ti fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mo ti gbọ́ ohùn náà tó ìgbà mẹ́fà. Ẹ̀rín lo ń rín tí o fi ń sọ ọ́: "Màámi, ẹ bá mi dúpẹ́! Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́, èmi náà sì ni olórí eré! Èmi ni màá kú ní ìparí. Ẹkún ni gbogbo wọn á sun jáde! Mo ti gba àyè fún yín ní iwájú pátápátá, ṣé ẹ máa wá?"

Mo fèsì pé, "O ṣeun, ọmọ mi, Ọlọ́run á gbé ọ ga." O ò rí ojú mi. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, mo ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú fún ìdílé kan, mo sì pa kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì.

Mo lè wọ mọ́tò wá bá ọ ní yàrá tuntun tí o gbà ní Adébáyọ̀ ní Adó, kò kúkú jìnnà. Mo sì lè pè ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ irú ẹni tí o jẹ́. Bí mo bá ti lanu báyìí, wàá ní, "Ah ah, Màámi, eré ni kẹ̀!" Ọ̀rọ̀ á sì pin síbẹ̀. Ìwé ni kò ṣeé já lu. Ọwọ́ ni mo fi kọ eléyìí, sínú ìwé ìkọ̀wé tí o fi sílẹ̀ lórí tábìlì, nítorí gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yẹn ló ń jọ ìwé òkú lójú mi. Má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé, ìwé mi kò kọjá sẹ́kọ́ńdírì. Ọdún mẹ́tàdínlógún péré ni mo sì fi jù ọ́ lọ. Àwọn kan ń rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí. N kò gbọ́n jù ọ́ lọ títí. Mo kàn tètè ṣìnà ṣáájú rẹ ni.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. Èmi náà ti kú lórí ìtàgé.

Ọdún tí mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn níbí ni. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní lítíréṣọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ eré náà fún àjọ̀dún ìparí ọdún. Ó dá lórí ọmọbìnrin kan tó lóyún nílé bàbá rẹ̀. Bàbá lé e jáde. Ìyá mọ̀ pé ọmọ náà kò ní ibi tí yóò forí lé, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù ọkọ rẹ̀, ó dákẹ́. Ọmọ gbé májèlé mu. Wọ́n tẹ́ ẹ sí àárín ìtàgé, wọ́n da aṣọ funfun bò ó, ìyá sì wá ṣubú lé e lórí, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni eré parí sí. Èmi ni ọmọ náà. Yétúndé ọ̀rẹ́ mi ni ìyá.

Mo ní kí Ìyé wá wò mí. Ìyé yìí náà ni, ìyá mi, tí o mọ̀ ní àgbàlagbà tó ń gbé ọ lọ sí oko. Ó ní ẹ̀gẹ́ tí òun rẹ sómi ti tó yọ, ta ni yóò bá òun yọ ọ́? Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi ni olórí eré, pé gbogbo ìyá àwọn yòókù ń bọ̀. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún un pé màá kú. N kò gbàgbé o, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ ni. Mo fẹ́ kí ó bá a lójijì. Mo fẹ́ wà lábẹ́ aṣọ kí n gbọ́ pé mo ti pa ìyá mi lẹ́kún.

O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa bí ọmọ bá kú tí ìyá rẹ̀ ṣì wà. Ìyá kì í rí òkú ọmọ rẹ̀. Wọn á mú un wọ yàrá, àwọn obìnrin á yí i ká, àwọn ọkùnrin á gbé ọmọ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní í fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn án títí ayé. Ìyé bí ọmọ kan ṣáájú mi, Tóyìn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ibà gbé e lọ. Ìyé gbọ́ ìró ọkọ́ láti inú yàrá tí wọ́n há a mọ́. Ó bi wọ́n pé kí ni ìyẹn, wọ́n ní àwọn tó ń kọ ebè ni. Mo mọ ìtàn yìí láti kékeré. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Kò sì sọ sí mi lọ́kàn, kí n má purọ́ fún ọ, pé ó kan eré tí a fẹ́ ṣe.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Mo mu májèlé (omi ṣúgà ni), mo ṣubú, wọ́n da aṣọ bò mí. Yétúndé bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ti fi àlùbọ́sà pa ìpéǹpéjú, àmọ́ nígbà tó yá ẹkún gidi ló ń sun. Mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń fọn imú. Obìnrin kan ní iwájú ń sọ pé, "Yéè, ìyá ọlọ́mọ! Ẹ dì í mú o, kó má lọ ṣe ara rẹ̀ léṣe!" Inú mi dùn débi pé ẹ̀rín fẹ́ máa gbọ̀n mí lábẹ́ aṣọ.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ìró sílípáàsì lórí pákó ìtàgé. Kò sí ẹni tó wọ sílípáàsì nínú wa. Ẹnì kan ti Yétúndé sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ká aṣọ kúrò lójú mi. Mo gbọ́ òórùn ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyé ni.

"Ṣadé. Ṣadé o. Dìde, jẹ́ á re ulé."

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Màmá, eré ni o! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀bà tán ni!" Ẹ̀rín bú. Òmíràn ní, "Ẹ bá wa gbé ìyá yìí sọ̀kalẹ̀ jàre, ibi tó dùn ló wá dà rú!" Ẹlòmíràn ń bèèrè pé ìyá ta ni, wọ́n ní ìyá kan láti oko ni. Obìnrin iwájú yẹn, èyí tó ń bẹ̀bẹ̀ fún Yétúndé ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ẹ̀rín náà.

Ìyé gbá mi léjìká mú, ó ń mì mí. "Ṣadé. Ṣadé, dá mi lóhùn."

Bùnmi, n kò dìde. N kò la ojú. Mo se èémí mi mọ́ra kí àyà mi má baà lọ sókè. Tíṣà ti sọ fún wa pé òkú kì í mira, ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kí eré mi pé. Ìyá mi ń pè mí, mo wà láàyè, mo ń gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́. Ó pè mí ní ìgbà mẹ́jọ. Tíṣà méjì ló wá fà á sọ̀kalẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi púpọ̀ nígbà tí mo dìde. Wọ́n fún mi ní ẹ̀bùn.

Mo délé, mo bá a nídìí ẹ̀gẹ́ tó ń yọ, mo sì sọ ohun tí n kò lè kọ tán síhìn-ín. Mo ní ó ti dójú tì mí láàárín ẹgbẹ́. Mo ní ará oko ni. Mo ní àwọn ìyá tó lajú wà níbẹ̀, kí ló dé tí kò lè jókòó jẹ́jẹ́ bíi tiwọn? Kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Mo mọ̀ pé eré ni. Ẹsẹ̀ mi ni ò mọ̀." Ó tún wá wò mí. "Ṣé o gbọ́ mi nígbà tí mo ń pè ọ́?"

Mo ní, "Mo gbọ́."

Ó mi orí. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Ìyé kò pe orúkọ mi láti òkèèrè mọ́. Bí mo bá wà lẹ́yìnkùlé tó ń wá mi, yóò rìn wá bá mi, yóò fọwọ́ kàn mí lápá, kó tó sọ̀rọ̀. Ìwọ náà rí i. O bi mí nígbà kan pé kí ló dé tí Ìyé kì í kígbe pè yín bíi ti àwọn ìyá yòókù. Mo ní ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn ún.

Òun nìyẹn. Mo ti sọ ọ́. Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo fẹ́ kí o fi ṣe, n óò gbìyànjú láti tò ó.

Èkíní, ọmọ mi, má fi ẹkún àwọn òǹwòran ṣe ilé. Nínú eré wa, ọmọ tó lóyún nílé bàbá ni gbogbo wọn sunkún fún. Kò pé oṣù mẹ́fà sí i tí èmi náà fi lóyún rẹ. Ó ṣẹlẹ̀ pé bàbá rẹ wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, ìtàgé yẹn ló ti rí mi. Ìyẹn náà, o ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ikùn mi yọ, àwọn tó fọn imú fún ọmọ inú eré ló yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Obìnrin kan ń ṣọ́ mi lójú títì, ó ń sọ fún ọmọ tirẹ̀ pé, "Ṣé o rí i? Kọjá sí ìhà ọ̀hún." Tèmi kì í ṣe eré, kò sì ní parí kí wọ́n tó lọ sílé lọ jẹun, wọn ò rí ojú àánú fún un. Ìyá oko tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín ló gbà mí. Kò bi mí pé ta ló ni oyún. Omi gbígbóná ló gbé síwájú mi, ó ní kí n lọ wẹ̀.

N kò sọ pé ẹkún wọn jẹ́ irọ́. Mo ti rò ó títí. Mo rò pé òótọ́ ni wọ́n ń sunkún, nítorí kò ní ná wọn ní nǹkan kan. Bí wọ́n bá sunkún fún ọ, dúpẹ́, tẹríba, ṣùgbọ́n tún padà sílé lọ wo ta ló ń dúró dè ọ́.

Èkejì. O sọ fún mi ní oṣù tó kọjá, nígbà tí wọ́n ṣì ń dán yín wò, pé ẹni tó ń darí yín máa ń ní kí oníkálukú rántí ohun tó dùn ún jù lọ nílé wọn kí omijé lè jáde. O ní ìwọ máa ń rántí ọjọ́ tí Ìyé kú. Mo gbọ́, mo sì ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Jọ̀ọ́, Àbẹ̀kẹ́, dá a dúró. Ọjọ́ yẹn, ní orí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù ní Adó, èmi ni mo ń pe Ìyé tí kò dáhùn. O wà lẹ́nu ọ̀nà, o rí mi. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ mi. Kò sí ẹni tí mo lè bi. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún mi nìyẹn, má máa gbé e lọ sí ibi ìdánrawò lójoojúmọ́ kí ọ̀gá yín lè sọ pé "Ó dára gan-an, tún un ṣe." Wá omijé níbòmíràn. Fi àlùbọ́sà pa ojú.

Ẹ̀kẹta, nípa ìyá inú eré yín. Bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ìyá ló fa ikú ọmọ: ó kọ ẹni tí ọmọ fẹ́, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ọmọ sì rìn lọ sínú odò. O ní àwọn èèyàn á kórìíra ìyá náà débi pé wọ́n lè sọ ọ̀rá omi lù ú. O ń yọ̀ nípa ìyẹn pẹ̀lú. Ó dùn mí. Ọwọ́ rẹ ni ìyá yẹn wà o. Ibi tí ìwọ ọmọ bá gbé ojú sí ni gbogbo gbọ̀ngàn ń gbé ojú sí. Bí o bá wò ó bí ọ̀tá, ó ti parí fún un, kò sí ọ̀rọ̀ tó lè sọ tí wọn yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá lè wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí o tó jáde lọ sí odò, bí ẹni tó ń wo ìyá rẹ̀ tó ti rẹ̀, wọn á ṣì bínú sí i, ṣùgbọ́n wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tó ṣe é tó fi ti ilẹ̀kùn. Bóyá ó gbọ́ ìró ọkọ́ kan rí. Sọ fún ọ̀gá yín. Bó bá ní kò sí nínú ìwé, ojú rẹ kò sí nínú ìwé náà, wò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tó le jù. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti ya á. Mo kọ́kọ́ kọ pé: bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹwòran bá pe orúkọ rẹ gangan, orúkọ tí a sọ ọ́, dìde. Jẹ́ kí eré bàjẹ́. Eré mìíràn á wà. Mo kà á lẹ́yìn náà, mo sì rí i pé èmi ni mo ń tọrọ fún ara mi. Mo ń sọ fún ọ tẹ́lẹ̀ pé màá dìde ní àyè mi, màá sì pè ọ́, kí o sì ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ nítorí mi kí n lè rí ohun tí Ìyé kò rí. Kò tọ́. Iṣẹ́ rẹ nìyí, o sunkún kí o tó rí i, o jẹ gàrí gbígbẹ nítorí rẹ̀. Torí náà mo ya á.

Ìdáhùn mi sí ohun tí o bi mí nìyí, bóyá màá wá. Mo ti bá a jà láti Sátidé. Bí n kò bá wá, wàá máa wo àga tó ṣófo ní iwájú, wàá sì rò pé mo ń tijú rẹ. Mo mọ bí ó ṣe ń rí kí ènìyàn máa tijú ẹni rẹ̀. N kò fẹ́ kí o rò bẹ́ẹ̀ rárá. Màá wá. Ṣùgbọ́n fún ẹlòmíràn ní àga iwájú yẹn, èmi yóò jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Kí o sì ṣe nǹkan wọ̀nyí fún mi, má rẹ́rìn-ín: bi ọ̀gá yín ní iye ìṣẹ́jú tí o máa lò ní ìdùbúlẹ̀, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Sọ fún mi bóyá ojú rẹ ni wọ́n máa bò tàbí ẹsẹ̀ nìkan. Wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sábẹ́ aṣọ tí wọ́n bá wọ̀ ọ́ lọ sí odò, pákó ìtàgé máa ń tutù, n kò gbàgbé. Jẹun kí o tó lọ.

Màá wo gbogbo rẹ̀ títí dé ibi tí o ti ń lọ sí odò. Bí wọ́n bá gbé ọ wọlé báyìí, màá dìde jẹ́jẹ́, màá jáde. Má jẹ́ kí ó já ọ láyà. Sùn síbẹ̀ bí iṣẹ́ rẹ ṣe ní kí o sùn, má mira. Màá dúró níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde, ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́, ojú rẹ̀ ì báà kún fún omijé, màá dì í lápá mú, màá bi í pé: ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ yẹn ti dìde?

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Ṣadé.